Ámínónì, Támárì àti ọ̀rọ̀ “nebalah”: ṣé ìwà wèrè ni lóòótọ́?

Àbẹ̀kẹ́_Olùkọ́

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Èmi ni mò ń darí ẹ̀kọ́ Bíbélì àwọn ọ̀dọ́bìnrin ní ìjọ wa. Sámúẹ́lì Kejì orí 13 la kà kẹ́yìn, níbi tí Ámínónì ọmọ Dáfídì ti díbọ́n àìsàn, tó ní kí Támárì, ọbàkan rẹ̀, wá ṣe àkàrà lójú òun kóun lè jẹun lọ́wọ́ rẹ̀. Ó lé gbogbo èèyàn jáde, ó sì fipá bá ọmọ náà lò pọ̀. Támárì kọ́kọ́ bẹ̀ ẹ́. Nínú Bíbélì Mímọ́ àtijọ́ tí a ń lò, ó ní kó má ṣe hu “ìwà wèrè” yẹn, pé bó bá hù ú, yóò dà bí ọ̀kan nínú àwọn “aṣiwèrè” ní Ísírẹ́lì.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà wá béèrè pé: “Mà, ṣebí wèrè kì í mọ ohun tó ń ṣe? Kí ló dé tí wọ́n ń pe eléyìí ní wèrè?”

Ìbéèrè náà ò kúrò lọ́kàn mi. Mo yẹ ìwé atúmọ̀ Hébérù wò, mo rí i pé “nebalah” ni Támárì pe ìwà náà, “nabal” ló sì pe ẹni tó bá hù ú. Ìwé ọ̀hún kàn kọ “òmùgọ̀” síwájú ẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ dákun, kí ni Támárì ń sọ gan-an?

Déàkónì_Ṣẹ́gun

Sísítà, èyí ò le rárá. Sáàmù 14:1, “Aṣiwèrè wí ní ọkàn rẹ̀ pé, Ọlọ́run kò sí.” Nabal yẹn náà ló wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ti gbà pé kò sí Ọlọ́run, kò sóhun tí kò lè fọwọ́ rẹ̀ ṣe. Ámínónì ò bẹ̀rù Ọlọ́run. Ó parí.

Kòmọ̀kan

Ẹ̀yin Déàkónì, ibo ni Ámínónì ti sọ pé Ọlọ́run ò sí? Àkọ́bí Dáfídì! Ó ṣeé ṣe kó máa jókòó síwájú níbi ìsìn ju àwa tá à ń sọ̀rọ̀ yìí lọ 😂

Àgbà_Akọ̀wé

Àbẹ̀kẹ́, ọmọ yẹn gbọ́n. Ẹ jẹ́ kí n ti orí wèrè fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Hébérù ní ọ̀rọ̀ fún wèrè tó ń rìn lọ́jà. “Meshugga” ni. Nígbà tí Dáfídì sá dé Gátì, tí ẹ̀rù ọba Ákíṣì bà á, ńṣe ló ń ha ara ilẹ̀kùn ẹnubodè, tó ń jẹ́ kí itọ́ máa ṣàn sí irùngbọ̀n rẹ̀. Inú bí Ákíṣì sáwọn ìránṣẹ́ rẹ̀: ṣé wèrè ló wọ́n òun tí wọ́n fi mú èyí wá? Meshugga ni ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀. Bí Támárì bá fẹ́ sọ pé orí ẹ̀gbọ́n òun ti dàrú, ọ̀rọ̀ ò wọ́n ọn. Kò lo ìyẹn.

Fún òmùgọ̀ náà, ọ̀rọ̀ pọ̀. “Peti” ni òpè, ẹni tí inú rẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu, tí gbogbo ohun tí wọ́n bá sọ ń wọlé. Òun ni Sáàmù 19 sọ pé ẹ̀rí Olúwa ń sọ di ọlọ́gbọ́n, nítorí náà ọ̀nà ṣì wà fún un. “Kesil” ni olóríkunkun tí kò fẹ́ gbọ́. Ó fara hàn ní nǹkan bí ìgbà 70 nínú Májẹ̀mú Láéláé, 49 nínú rẹ̀ sì wà nínú ìwé Òwe nìkan. Òun ni wọ́n ní ó ń padà sídìí àìgbọ́n rẹ̀ bí ajá ṣe ń padà sídìí èébì. “Ewil” tún burú sí i: Òwe 27:22 ní ẹ ò báà gún un nínú odó, kẹ́ ẹ fi ọmọ odó gún un mọ́ ọkà, àìgbọ́n rẹ̀ ò ní bọ́ lára rẹ̀. Ẹni tó kọ ìyẹn ti jókòó ti ibi tí obìnrin ti ń gún nǹkan dáadáa.

Ṣùgbọ́n ẹ wá wo nabal. Nínú gbogbo ìwé Òwe, ìwé tí kò níṣẹ́ méjì ju kó máa fi òmùgọ̀ ṣe ẹlẹ́yà lọ, ìgbà mẹ́ta péré ló fara hàn. Nebalah, ìyẹn ìwà náà, kò sí níbẹ̀ rárá. Ìgbà 13 ló wà nínú Bíbélì Hébérù, kò sì sí ìkankan níbi tí olùkọ́ ti ń kọ́ ọmọ lọ́gbọ́n. Ibi tí ìlú ti dàrú ló wà.

Nígbà tí Ṣékémù mú Dínà ọmọ Jékọ́bù, tó bà á jẹ́: nebalah ní Ísírẹ́lì. Nígbà tí Ákánì jí nínú ohun Jẹ́ríkò tí Ọlọ́run ní wọn ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn, ẹ̀wù Ṣínárì kan, igba ṣékélì fàdákà àti wúrà gbọọrọ kan, tó rì wọ́n mọ́lẹ̀ nínú àgọ́ rẹ̀, tí wọ́n tìtorí ẹ̀ ṣẹ́gun Ísírẹ́lì ní Áì: nebalah. Ní Gíbéà, níbi táwọn ọkùnrin ìlú ti yí ilé bàbá arúgbó kan ká nítorí àlejò rẹ̀, tí wọ́n sì fi ìyàwó àlejò náà ṣe ẹ̀ṣín títí ilẹ̀ fi mọ́ tó fi kú lẹ́nu ọ̀nà: ìgbà mẹ́rin ni ọ̀rọ̀ yìí wáyé nínú ìtàn kan ṣoṣo yẹn. Àwọn wòlíì èké méjì tí Jeremáyà dárúkọ ní orí 29, tí ọba Bábílónì sun nínú iná, tí wọ́n ń bá ìyàwó aládùúgbò wọn ṣe panṣágà: nebalah.

Ṣé ẹ ti wá rí àwùjọ tí Támárì gbé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sí? Nígbà tó sọ̀rọ̀ yẹn, kì í ṣe pé ó ń sọ fún un pé kò gbọ́n.

Ìfẹ́_L

Ẹ ṣé, Bàbá. Ẹ jẹ́ kí n fi kan kún un látinú orí 13 yẹn náà. Ẹsẹ 3 sọ irú ẹni tí Jónádábù jẹ́, ọ̀rẹ́ Ámínónì tó kọ́ ọ lọ́gbọ́n àìsàn yẹn. “Hakham” ni Hébérù pè é, ó tiẹ̀ fi “gidigidi” kún un. Hakham yìí náà ni wọ́n fi ń pe Sólómọ́nì ní ọlọ́gbọ́n! Ìtàn náà fi ọgbọ́n bẹ̀rẹ̀, ó sì fi nebalah parí, kò sì sẹ́ni tí ọpọlọ rẹ̀ ò pé nínú àwọn méjèèjì. Ìdí nìyí tí “ìwà wèrè” fi ń bí mi nínú. Lọ́dọ̀ wa, bí ọkùnrin bá ṣe irú ẹ̀, ohun tí ìdílé rẹ̀ máa kọ́kọ́ sọ ni pé “iṣẹ́ èṣù ni”, “orí rẹ̀ ò pé nígbà yẹn”. Bíbélì wa wá ń bá wọn gbè é.

ỌmọÒkèIgbó

Àǹtí Ìfẹ́, mi ò gbà pé Bíbélì ń bá ẹnikẹ́ni gbè é. “Wèrè” lẹ́nu Yorùbá kì í ṣe ti àìsàn ọpọlọ nìkan. Bí ọmọ bá gbójú sí bàbá rẹ̀, wọ́n á ní “irú ìwà wèrè wo nìyí?”, kò sì sẹ́ni tó máa gbé ọmọ náà lọ sílé ìwòsàn. Èébú ni, ìbáwí sì ni.

Ohun tí mo rò ni pé èèwọ̀ ni Támárì ń wí. Ẹ wo gbólóhùn tó ṣáájú: “kò tọ́ kí a ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ní Ísírẹ́lì.” Bí Yorùbá ṣe ń sọ̀rọ̀ èèwọ̀ gan-an nìyẹn: a kì í ṣe é. Wọn kì í ṣàlàyé ìdí. A kì í ṣe é nílẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ bùṣe.

Àgbà_Akọ̀wé

ỌmọÒkèIgbó, o súnmọ́ ọn. “A kì í ṣe é” yẹn wà nínú ìtàn Dínà náà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀rọ̀ kan náà, ẹ̀gbẹ́ nebalah ló sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ibi tí mo ti ń ṣiyè méjì ni pé èèwọ̀ tiwa gbòòrò. Ẹni tí kò gbọdọ̀ jẹ eku ń pa èèwọ̀ mọ́. Ẹni tí kò gbọdọ̀ gbálẹ̀ lóru ń pa èèwọ̀ mọ́. Hébérù ní ọ̀rọ̀ mìíràn fún irú ohun bẹ́ẹ̀, “toevah”, tí Bíbélì wa ń pè ní ìríra, wọ́n sì ń lò ó fún oúnjẹ náà. Nebalah kì í dé ìdí oúnjẹ. Èèyàn ni wọ́n máa ń hù ú sí, tàbí Ọlọ́run. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà tí o jẹ ní gbèsè ìwà rere, tí o wá já kulẹ̀.

Alfa_Ìlọrin

Àsàlámù àlékúmù. Ẹ má bínú pé mo yọjú sí ọ̀rọ̀ Bíbélì, orí ọ̀rọ̀ èdè ni mo bá wá. Ní Lárúbáwá, “nabīl” ni ọlọ́lá, ẹni iyì, ọmọ ilé rere. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń jẹ́ Nábílù, a sì pa ẹran sí i! Nọ́ọ̀nù, báù, láàmù kan náà. Báwo ló ṣe di èébú lọ́dọ̀ àwọn Júù?

Kòmọ̀kan

Alfa, ẹ pe ẹ̀gbọ́n yín kíá, kí wọ́n yí orúkọ padà.

Àgbà_Akọ̀wé

Alẹ́kúmù sàlámù, Alfa. Ẹ má yí orúkọ ọmọ padà o.

Lẹ́tà mẹ́ta lè pé síbì kan láìjẹ́ pé ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Nínú Hébérù nìkan, n-b-l yìí wà nínú ọ̀rọ̀ fún ewé tó ń rọ (Sáàmù 1:3, igi tí ewé rẹ̀ kì í rọ), ó wà nínú “nevelah” tó jẹ́ òkú ẹran, ó wà nínú “nevel” tó jẹ́ ìgò awọ tí wọ́n ń rọ wáìnì sí, nevel yìí kan náà tún ni ohun èlò orin olókùn tí wọ́n fi ń kọ Sáàmù. Àwọn oníwàásù fẹ́ràn láti so gbogbo rẹ̀ pọ̀: “nabal ni ẹni tó ti rọ bí ewé, tó ti ń rùn bí òkú ẹran!” Ó dùn létí. Ṣùgbọ́n bí Òyìnbó kan bá rí ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ nínú ìwé tí wọn ò fi àmì ohùn sí, tó wá ń wàásù pé torí ọkọ́ tó wà léjìká ọkọ ni wọ́n ṣe ń pè é ní ọkọ, ẹ̀rín lẹ máa fi í rín. Mi ò sọ pé kò sí ìbátan kankan láàárín wọn. Mo ń sọ pé kí a má kọ́lé lé e.

Èyí tó wù mí nínú ọ̀rọ̀ yín ni ti ọlọ́lá. Aísáyà 32:5 ní ọjọ́ ń bọ̀ tí wọn ò ní pe nabal ní “nadiv” mọ́. Nadiv sì rèé, ọlọ́lá ni, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ là. Ẹsẹ tó tẹ̀ lé e wá sọ iṣẹ́ nabal: ó ń fi ebi sílẹ̀ nínú ẹni tí ebi ń pa, ó sì ń gba omi lẹ́nu ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ. Òdìkejì ọmọlúàbí gan-an ni wọ́n ń júwe yẹn.

Alfa_Ìlọrin

Máṣà Allah. Ọ̀rọ̀ ti yé mi. Mo ṣì wà níbí o, mò ń kà á lọ.

Tóyìn_T

Ẹ ti ń sọ̀rọ̀ nabal látàárọ̀, kò sẹ́ni tó tíì dárúkọ Nábálì fúnra rẹ̀! Sámúẹ́lì Kìn-ín-ní orí 25. Ìtàn tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ìtàn Dáfídì nìyí, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́.

Ọlọ́rọ̀ kan ní Máónì, iṣẹ́ rẹ̀ ní Kámẹ́lì (ti Júdà, ní gúúsù Hébúrónì, kì í ṣe òkè Kámẹ́lì ti Èlíjà). Ẹgbẹ̀ẹ́dógún àgùntàn, ẹgbẹ̀rún ewúrẹ́. Àwọn ọmọkùnrin Dáfídì ti ń bá àwọn darandaran rẹ̀ ṣọ́ ẹran nínú igbó, wọn ò sì mú ọ̀kan. Nígbà tí ọjọ́ ìrẹ́run àgùntàn dé, ọjọ́ tí gbogbo ènìyàn ń jẹ tó ń mu, Dáfídì rán ọmọkùnrin mẹ́wàá sí i pé kó fún àwọn ní ohunkóhun tọ́wọ́ rẹ̀ bá bà. Ẹ gbọ́ ìdáhùn: “Ta ni Dáfídì? Àwọn ẹrú tó ń sá kúrò lọ́dọ̀ ọ̀gá wọn ti pọ̀ jù lóde òní.” Ọ̀rọ̀ yẹn dun Dáfídì débi pé irínwó ọkùnrin ló kó idà tẹ̀ lé e, igba jókòó ti ẹrù. Ó búra pé ilẹ̀ ò ní mọ́ bá ọkùnrin kan nílé yẹn.

Ábígáẹ́lì ìyàwó rẹ̀ ló yọ ọ́. Igba ìṣù àkàrà, ìgò awọ wáìnì méjì, àgùntàn márùn-ún tí wọ́n ti sè, àyangbẹ ọkà, ọgọ́rùn-ún ṣírí èso àjàrà gbígbẹ, igba àkàrà ọ̀pọ̀tọ́, ó di gbogbo rẹ̀ sẹ́yìn kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, kò sọ fún ọkọ. Ó kúnlẹ̀ fún Dáfídì, ó ní kó má ka ọkùnrin yẹn sí: Nabal lorúkọ rẹ̀, nebalah ló sì wà lára rẹ̀.

Ibi tó dùn nìyí. Bàbá ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé nevel ni ìgò awọ wáìnì. Wáìnì méjì tí Ábígáẹ́lì gbé, “nivlei yayin” ni Hébérù pè wọ́n. Nígbà tó padà délé, Nábálì ń ṣe àsè bí ọba, ó ti mu yó kẹ́ri. Kò bá a sọ nǹkan kan títí ilẹ̀ fi mọ́. Ẹsẹ 37 ní, “nígbà tí wáìnì jáde kúrò nínú Nábálì”, ó sọ fún un, ọkàn rẹ̀ sì kú nínú rẹ̀, ó dà bí òkúta. Bí wọ́n bá ka ìyẹn sókè ní Hébérù, etí lè gbọ́ ọ bí ẹni pé wọ́n ń tú wáìnì kúrò nínú ìgò awọ. Lẹ́yìn bí ọjọ́ mẹ́wàá, ó kú.

Kí ló ṣe? Kò pa ẹnì kan. Kò fipá bá ẹnikẹ́ni lò. Ó fi ibi san oore ni. Dáfídì fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ ní ẹsẹ 21.

Kòmọ̀kan

Àǹtí Tóyìn, ẹ kú ìtàn. Ṣùgbọ́n ìyá wo ló máa bímọ tó máa sọ ọ́ ní Aláìmoore? Orúkọ ọmọ ní í ro ọmọ kẹ̀.

Tóyìn_T

Àwọn kan rò pé ìtumọ̀ mìíràn làwọn òbí rẹ̀ ní lọ́kàn, bóyá ohun èlò orin yẹn, bóyá irú èyí tí Alfa sọ. Ábígáẹ́lì ló yí orúkọ ọkọ po. Ó sì mọ̀ ọ́n yí! Ẹ tún kíyè sí i pé òun gan-an ni wọ́n pè ní olóye lẹ́sẹ̀ kan náà tí wọ́n ti sọ pé ọkọ le, ìṣe rẹ̀ sì burú. Wọn ò sọ pé ọkọ ò gbọ́n. Ẹni tó kó ẹgbẹ̀ẹ́dógún àgùntàn jọ, kò lè yọ̀dẹ̀.

Déàkónì_Ṣẹ́gun

Mo ń kà yín. Ṣùgbọ́n Sáàmù 14 ṣì dúró o. Ó sọ ohun tí nabal ń wí: Ọlọ́run kò sí. Ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́ nìyẹn, kì í ṣe ọ̀rọ̀ oore.

Àbẹ̀kẹ́_Olùkọ́

Ẹ̀yin Déàkónì, ẹ jẹ́ ká ka Sáàmù náà kọjá ẹsẹ kìn-ín-ní. Ẹsẹ 4 ní wọ́n ń jẹ àwọn ènìyàn Ọlọ́run bí ẹni ń jẹun. Ẹsẹ 6 ní wọ́n ń dójú ti ìmọ̀ àwọn òtòṣì. Nabal inú Sáàmù yẹn kò jókòó sórí àga kó máa bá pásítọ̀ jiyàn bóyá Ọlọ́run wà. “Ní ọkàn rẹ̀” ló ti sọ ọ́, bóyá kò tiẹ̀ fẹnu sọ ọ́ rí. Ohun tó ń wí ni pé kò sẹ́ni tó máa bi òun léèrè. Ó wá ń jẹ tálákà níṣu. Àwọn kan ń sọ “Ọlọ́run wà” lójoojúmọ́, tí wọ́n sì ń gbé irú ayé bẹ́ẹ̀.

Mo máa ń rí i tí wọ́n ń fi ẹsẹ yẹn bú àwọn ọ̀dọ́ tó bá béèrè ìbéèrè nínú ìjọ. Kò bá mi lára mu rí.

Alábòójútó

Ẹ kú ìjíròrò. Mo yọ èsì kan kúrò nítorí èébú sí ẹlẹ́sìn mìíràn. Ẹ jẹ́ ká máa bọ́rọ̀ lọ.

Ìfẹ́_L

Ó dáa, ìbéèrè tó ń jẹ mí níyà nìyí. Diutarónómì 22:21. Bí wọ́n bá fẹ́ ọmọbìnrin tí wọn ò sì bá a nílé, wọ́n á sọ ọ́ lókùúta lẹ́nu ọ̀nà ilé bàbá rẹ̀, torí ó ti ṣe nebalah ní Ísírẹ́lì. Ọ̀rọ̀ kan náà! Ṣé ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ tí Támárì fi gbèjà ara rẹ̀, òun náà ni wọ́n fi ń pa ọmọbìnrin? Kí ẹ má ṣe jẹ́ ká sọ nebalah di ọ̀rọ̀ àwọn tí wọ́n fìyà jẹ.

Àgbà_Akọ̀wé

Òótọ́ lo sọ, mi ò sì ní bò ó mọ́lẹ̀. Òfin ìgbà yẹn le, ilé bàbá ni wọ́n ń ṣọ́ iyì rẹ̀ ju ọmọ inú rẹ̀ lọ. Ẹsẹ náà sọ ọ́ bẹ́ẹ̀: ó ṣe é “nílé bàbá rẹ̀”.

Ọ̀mọ̀wé kan, Anthony Phillips, kọ̀wé lórí nebalah ní 1975. Èrò rẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti ìbálòpọ̀ nìkan, kì í sì í ṣe ti òmùgọ̀. Ìwà tó ń da ìlú rú ni, èyí tó ń já okùn tó wà láàárín èèyàn sí èèyàn: ọkọ sí aya, àlejò sí onílé, ìdílé sí ìdílé, ìlú sí Ọlọ́run. Mo fara mọ́ ọn. Okùn wo ni wọ́n ń ṣọ́, ta ni wọ́n sì fi í dè? Ìyẹn ni ìbéèrè rẹ, Ìfẹ́, òfin ló sì yẹ ká bi, kì í ṣe ọ̀rọ̀.

ỌmọÒkèIgbó

Já okùn… Bàbá, Yorùbá ní ọ̀rọ̀ fún ìyẹn! Ọ̀DÀLẸ̀. Àwọn méjì bá ilẹ̀ mulẹ̀, ọ̀kan wá dalẹ̀. Ẹ lọ wo Jóṣúà 7:15 lórí Ákánì: torí ó ti ré májẹ̀mú Olúwa kọjá, àti torí ó ti ṣe nebalah ní Ísírẹ́lì. Májẹ̀mú àti nebalah nínú gbólóhùn kan. Mo fi èèwọ̀ sílẹ̀, ọ̀dàlẹ̀ ni mo mú.

Déàkónì_Ṣẹ́gun

Bó bá jẹ́ ọ̀dàlẹ̀, ẹ ṣàlàyé Jóòbù 42:8 fún mi. Ọlọ́run ń bá Élífásì sọ̀rọ̀, ó ní kí òun àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì mú akọ màlúù méje àti àgbò méje lọ bá Jóòbù, kí Jóòbù gbàdúrà fún wọn, kí òun má bàa ṣe nebalah sí wọn. Mo yẹ̀ ẹ́ wò ní Hébérù, ó wà níbẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọlọ́run ló fẹ́ hùwà ọ̀dàlẹ̀?

Kòmọ̀kan

Ẹ̀yin Déàkónì ti gbé bọ́ǹbù wọlé 🙆🏾

Àgbà_Akọ̀wé

Déàkónì, ẹ káre. Ẹsẹ yẹn ti da ọ̀pọ̀ atúmọ̀ láàmú, púpọ̀ nínú wọn ló yí i sí “kí n má bàa ṣe sí yín gẹ́gẹ́ bí àìgbọ́n yín”. Hébérù ò sọ “gẹ́gẹ́ bí”. Bí mo ṣe lóye rẹ̀, ìtìjú ni: kí n má bàa tẹ́ yín lójú gbogbo ayé, kí n má bàa fi yín ṣe ohun ẹ̀gàn. Ẹni tó bá hu nebalah ń di ẹni ẹ̀tẹ́, wọ́n sì lè mú ẹ̀tẹ́ kan náà wá sórí rẹ̀. Nígbà tí Jóábù pa Ábínérì lẹ́nubodè Hébúrónì, Dáfídì sunkún, ó ní: ṣé ikú nabal ló yẹ kí Ábínérì kú? Ọwọ́ rẹ̀ ò sí nínú ìdè, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò sí nínú ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀. Ikú ọ̀daràn, ikú ẹni tí ìlú ti ta nù, ló ń wí. Níbẹ̀ náà, “aṣiwèrè” ò wọlé rárá. Wèrè kì í kú ikú tó yàtọ̀.

Nítorí náà, ỌmọÒkèIgbó, ọ̀dàlẹ̀ gbé apá kan. Ẹ̀tẹ́ ni apá kejì. Nínú Diutarónómì 32:6, níbi tí Mósè ti bi wọ́n pé ṣé bí ẹ ó ṣe san án fún Olúwa nìyí, ẹ̀yin nabal ènìyàn, ṣebí òun ni bàbá yín, aláìmoore ló máa wọ ibẹ̀ jù. Mi ò rí ọ̀rọ̀ Yorùbá kan ṣoṣo tó lè gbé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Tóyìn_T

Kí wá ló dé tí Bíṣọ́ọ̀bù Crowther àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi mú wèrè? Bíbélì Yorùbá jáde lódindi ní 1884, wọ́n sì gbọ́ Yorùbá ju àwa lọ.

Àgbà_Akọ̀wé

Wọ́n gbọ́ ọ. Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì ti 1611 pàápàá fi ọ̀rọ̀ òmùgọ̀ gbé nebalah níbi ìtàn Támárì, àwọn tó túmọ̀ sí Gíríìkì láyé àtijọ́ sì ti lo “aphron”, aláìlóye, fún nabal inú Sáàmù 14. Ọ̀nà náà ti pẹ́. Àti pé èébú ni wèrè lẹ́nu wa, bí ỌmọÒkèIgbó ṣe sọ. Ó gbóná ju òmùgọ̀ lọ. Mo rò pé gbígbóná yẹn ni wọ́n ń wá.

Ìfẹ́_L

Ó gbóná, ó sì tún ń dá ọ̀daràn láre. Àwọn méjèèjì ló ń ṣe lẹ́ẹ̀kan náà. Mi ò kúrò lórí ìyẹn.

Àbẹ̀kẹ́_Olùkọ́

Ẹ ṣé púpọ̀, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Níbi tí mo dúró sí báyìí: n ó jẹ́ kí wọ́n ka Bíbélì bó ṣe wà, n ó wá sọ fún wọn pé ohun tí Támárì ń wí fún Ámínónì ni pé, “má hu ìwà ọ̀dàlẹ̀ yìí, bó o bá hù ú, o ti di ẹni ẹ̀tẹ́ ní Ísírẹ́lì.” Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n á rí i pé ó kọ́kọ́ béèrè ibi tí òun fúnra rẹ̀ máa gbé ìtìjú òun wọ̀, kó tó dé orí ti Ámínónì. Ó pín ìtìjú náà sí méjì, ó gbé ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lé e lọ́wọ́.

Tóyìn_T

Àbẹ̀kẹ́, kó o tó lọ, fi èyí kún un. Báwo ni Ámínónì ṣe kú? Lẹ́yìn ọdún méjì gbáko, Ábúsálómù, ọmọ ìyá Támárì, ń rẹ́run àgùntàn ní Báálì-hásórì, ó pe gbogbo ọmọ ọba síbi àsè. Ó sọ fún àwọn ìránṣẹ́ rẹ̀ pé nígbà tí wáìnì bá ti mú inú Ámínónì dùn, kí wọ́n pa á. Ìrẹ́run àgùntàn, àsè, wáìnì, inú dídùn: gbogbo rẹ̀ ló wà ní orí 25 níbi tí Nábálì ti yó. Ẹni tó kọ ìwé Sámúẹ́lì ò gbàgbé ohun tí Támárì sọ, pé yóò dà bí ọ̀kan nínú àwọn nabal.

Kòmọ̀kan

Mo ka ìtàn yìí látọmọdé, mi ò rí i bẹ́ẹ̀ rí. Ṣé Ábúsálómù náà ò wá hu nebalah nígbà tó pa ọmọ bàbá rẹ̀ nídìí oúnjẹ tóun fúnra rẹ̀ pè é sí?

Àgbà_Akọ̀wé

Òǹkọ̀wé ò pè é bẹ́ẹ̀. Jónádábù, ọlọ́gbọ́n yẹn, ló tún sáré wá sọ fún Dáfídì pé kó má bẹ̀rù, pé Ámínónì nìkan ló kú, pé láti ọjọ́ tí wọ́n ti fipá bá Támárì lò ni Ábúsálómù ti pinnu rẹ̀. Ó mọ̀ látìgbà yẹn, kò sọ fún ẹnì kankan.